Orin Àyìndé Barrister pọ̀ jù: èwo ni ká gbọ́, èwo ni ká fò?

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé àwọn tó gbọ́njú mọ fújì pọ̀ níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Bàbá mi máa pé 70 ọdún lóṣù tó ń bọ̀. Àwa ọmọ ti pín iṣẹ́ láàárín ara wa, orin ló kàn mí. Bàbá ò fẹ́ eléré kankan. Wọ́n ní Síkírù Àyìndé Barrister làwọn fẹ́ gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ tó wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn kì í ṣe kékeré, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n lè ṣà nínú ẹ̀.

Mo gbé "Nigeria" ti 1983 sí i, orí mi wú. Mo gbé "Fuji Garbage" sí i, ijó ni mo bá ara mi níbẹ̀. Mo wá gbé òmíràn sí i: orúkọ alhaji, orúkọ alhaja, orúkọ ẹgbẹ́ kan ní Muṣin, orúkọ oníṣòwò aṣọ, títí ojú kìíní fi tán. Mo yí i sí ojú kejì, orúkọ mìíràn ló tún gbẹnu. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé ohùn orin tí mo ti gbọ́ nínú ti ìṣáájú ni wọ́n tún gbé wá. Bàbá ní gbogbo ẹ̀ ló dùn.

Ṣé etí mi ni ò tíì là ni, àbí ọkùnrin yìí kàn ń da èyí tó dáa mọ́ èyí tí ò dáa? Àwọn àbúrò mi ń bi mí pé kí ló wà nínú ẹ̀ gan-an táwọn àgbà fi ń kú lé e lórí. Mi ò rí èsì fún wọn.

Baba_Ọjàaba

Àbúrò, kò sí èyí tí kò dùn. Gbé gbogbo ẹ̀ sí i. Bàbá ẹ mọ ohun tí wọ́n ń wí. Barrister ọmọ Àgbájélọlá kì í kọ ìkọkúkọ.

ỌmọMuṣin_Gidi

Ẹ̀gbọ́n Ọjàaba, ẹ má bínú, ẹ ò tíì ran ọmọ yìí lọ́wọ́.

Àbẹ̀kẹ́, orúkọ tó ń sú ẹ yẹn, òun ló gbé orin ró. Láyé ìgbà yẹn, òde ni eléré ti ń rí oúnjẹ jẹ, kì í ṣe ìdí rẹ́kọ́ọ̀dù. Alájé kan á ṣòkú ìyá ẹ̀, wọ́n á dí títì pa, wọ́n á ta àtíbàbà, Barrister á bẹ̀rẹ̀ nígbà tílẹ̀ bá ti ṣú dáadáa, ilẹ̀ á mọ́ bá wọn níbẹ̀. Ẹni tó bá jáde wá náwó, wọ́n á kì í, wọ́n á kì bàbá ẹ̀, wọ́n á kì ìyàwó ẹ̀. Ó ṣòro kéèyàn gbọ́ oríkì bàbá ẹ̀ lẹ́nu ọkùnrin yẹn kó máa tọwọ́ bàpò. Tí wọ́n bá wá lọ gba orin sílẹ̀, àwọn èèyàn wọ̀nyẹn náà ni wọ́n máa dárúkọ, torí àwọn ló máa tún pè wọ́n síta. Ẹgbẹ́ wọn kò sì kéré: onílù, elégbè, awakọ̀, àwọn tó ń gbẹ́rù. Gbogbo wọn ló fẹ́ jẹun.

Ṣùgbọ́n fetí sí ohun tó máa ń ṣe láàárín orúkọ kan sí èkejì. Á kì alhaji kan tán, ìlù á rọlẹ̀, gángan nìkan á máa sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, á wá sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ọ̀rẹ́ tó dalẹ̀, tàbí nípa ikú, tàbí nípa ohun tí ìyá fojú rí lórí ọmọ. Kò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Àwọn elégbè á gbà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ti tún bá orúkọ lọ. Tó o bá fo orúkọ, o ti fo ìyẹn náà. Ìdí nìyẹn táwọn àgbà fi máa ń jẹ́ kó rọ́ lọ.

Ohun kan tún wà. Ní àdúgbò wa, ìdílé kan wà tí orúkọ bàbá wọn wà nínú ọ̀kan nínú àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù tí kò lókìkí rárá. Kò sí ọdún Iléyá tí wọn ò ní gbé e sí i, ká tó jẹran ká tó ṣe nǹkan kan. Lójú tiwọn, "Fuji Garbage" kò tó o.

Sístà_Gbágùrá

Ẹ má bínú, mi ò gbà. Bẹ́ ẹ bá sì rò pé mi ò fẹ́ràn Barrister ni, ẹ bi àwọn ará ilé mi léèrè.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹni tó bá ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde léraléra nínú ọdún kan náà, tó tún ń ṣeré lóde ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, ó di dandan kí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu ẹ̀ nígbà mìíràn. Kì í ṣe ọgbọ́n kankan ló wà níbẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. "Fuji Garbage" gbayì lọ́dún 1988, ó gbé apá kejì jáde, ó tún gbé apá kẹta jáde. Ẹ gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ léra, kẹ́ ẹ wá fi ohun tuntun tó wà nínú ìkẹta hàn mí. Haruna Ishola náà kì olówó, ó kì í débi pé orúkọ wọn di orin, ṣùgbọ́n kì í kánjú bẹ́ẹ̀. Bó ṣe jókòó ti àpàlà náà ló ń jókòó ti ọ̀rọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwọn ọdún 1970, kí kíbọọ̀dù àti gìtá tó wọlé. Sákárà, gángan, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ohùn ọmọkùnrin kan tí kò tíì mọ̀ pé òun máa di Alhaji Àgbà. Ìgbà yẹn ló fi ohùn orin fíìmù Íńdíà kọ "Love in Tokyo", tí gbogbo àwa tí ò gbọ́ Híńdì sì ń bá a kọ ọ́. Àbẹ̀kẹ́, tó o bá rí irú ìyẹn nínú páálí bàbá ẹ, fi bẹ̀rẹ̀.

Kebe_Fan

Ẹ gbé Kọ̀láwọlé, Kollington Àyìnlá tó ń kọ fújì, sí i o jàre! Kebe n Kwara! Ta ló gbé bàtá wọnú fújì? Ẹ dá mi lóhùn.

Baba_Ọjàaba

Ta ló pe ìwọ? Ọ̀rọ̀ Barrister la wà lórí ẹ̀, o ń gbé Kọ̀lá wá. Ẹni tó sọ fújì ní fújì ni à ń wí. Láti 2011 tí ọkùnrin yẹn ti kú, ta ló tún wà?

Onífújì_Peckham

Ẹ̀gbọ́n, 16 December 2010 ni. Níbí ní London ló kú sí, wọ́n gbé òkú ẹ̀ relé, ilé ẹ̀ ní Ìsọlọ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ní ti orúkọ fújì, òun fúnra ẹ̀ ló sọ pé àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan tí òun rí ní pápákọ̀ òfurufú lòun ti mú un. Àwọn ará ọ̀dọ̀ Kọ̀lá ní tiwọn náà tí wọ́n ń sọ. A ti jà á títí níbí, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ti bàtá ni mo gbà fún Kebe_Fan, Kọ̀lá ló ni ín.

Sístà Gbágùrá, kíbọọ̀dù ni mo fẹ́ bá yín fà á lé lórí. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọ̀lẹ ló mú ọkùnrin náà ṣe èyí tí kò dáa. Kò rí bẹ́ẹ̀ létí mi. Barrister kì í lè jókòó sójú kan. Ó lọ Amẹ́ríkà, ó dé, ó ṣe "America Special". Ohun tó bá gbọ́ níbikíbi, á fẹ́ mọ̀ bó ṣe máa rí tí sákárà àti gángan bá gbé e. Ó gbé gìtá wọlé, ó gbé kíbọọ̀dù wọlé, ó pe orúkọ tuntun mọ́ orin lọ́dọọdún. Àwọn eléré mìíràn á dán irú ìyẹn wò nínú yàrá, wọ́n á da èyí tó bàjẹ́ nù, a ò ní gbọ́ ọ láéláé. Òun, inú rẹ́kọ́ọ̀dù ló ti ń dán an wò. Èyí tí kò bọ́ sí i, ẹ rà á. Èyí tó bọ́ sí i náà, ẹ rà á. Ìdánwò tó kùnà nínú àwọn kan ní àárín àwọn ọdún 80, òun náà ló di "Fuji Garbage" nígbà tó gbó. Ìlù inú ẹ̀ kò ṣàdédé wá.

Ẹ sì gbọ́ "Fuji New Waves", ti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 90. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ò fẹ́ràn ẹ̀. Àwa tá a jẹ́ ọmọdé nígbà yẹn, ibẹ̀ la ti wọlé.

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo tún gbọ́ àwọn kan láàárọ̀ yìí pẹ̀lú ohun tí ẹ̀gbọ́n Muṣin sọ, mi ò fo orúkọ. Òótọ́ ni, ó ní ibì kan tí ọ̀rọ̀ ti máa ń jáde lójijì. Ṣùgbọ́n ìdajì ẹ̀ ò yé mi. Ó ń sọ Lárúbáwá, ó ń fi ẹnìkan bú, mi ò mọ ẹni tó ń bá wí. Kí ló sì dé tó fi pọ̀ tó báyìí gan-an? Tí orin bá dáa, ṣé kò yẹ kó fi í sílẹ̀ fọ́dún kan káwọn èèyàn fi jayé?

Álífà_ÒkèÀrẹ

Sàláàmù àlékúmù. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí i níbi tí mo mọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ wéré. Nínú oṣù Ràmàdáánì, kí aago tó wà lọ́wọ́ oníkálukú, àwọn ọ̀dọ́ ló máa ń jí àdúgbò fún sààrì. Wọ́n á kó agogo, ìlù sákárà, agolo pàápàá, wọ́n á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n á máa kọrin. Ajísààrì nìyẹn, òun là ń pè ní wéré. Láti kékeré ni Síkírù ti wà nídìí ẹ̀ ní Èkó, kó tó dé iṣẹ́ ológun, kó tó lọ sójú ogun abẹ́lé, kó tó padà wá sọ wéré di ohun tí wọ́n ń jó lóde.

Ẹ wò ó: ọgbọ̀n òru ni ààwẹ̀, tàbí ó dín ọ̀kan. Àdúgbò kan náà lẹ óò máa kọrin fún. Ẹ ò lè kọ orin àná lónìí, àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò kejì á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ tí ojú yín ò ní gbà. Ẹ óò wá ọ̀rọ̀ tuntun lóru. Ohùn orin kò ní oní: ti àpàlà, ti sákárà, ti fíìmù Íńdíà, ti ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lódìkejì títì, ẹ óò mú un, ẹ óò fi ọ̀rọ̀ tiyín sí i. Ẹ óò dárúkọ onílé kí ó lè jí, kí ó sì lè rántí fún yín ní nǹkan lọ́jọ́ ọdún. Ẹ óò bú ẹgbẹ́ kejì. Ẹ óò fi Bísímílà bẹ̀rẹ̀, ẹ óò sì wáàsí díẹ̀ torí òru ààwẹ̀ ni. Àbẹ̀kẹ́, ṣé ìwọ náà rí i pé gbogbo ohun tó ń dà ẹ́ láàmú nínú rẹ́kọ́ọ̀dù ló ti wà níbẹ̀? Lárúbáwá, orúkọ, èébú, ohùn orin tí a yá. Ìwà tó kọ́ lóru ló gbé dé ilé ìgborinsílẹ̀. Wéré tí kò dáa á bá òru lọ, kò sẹ́ni tó máa rántí. Rẹ́kọ́ọ̀dù ni kò jẹ́ kí tiẹ̀ lọ.

Ẹni tó ń fi bú, tó bá jẹ́ ti àwọn ọdún 80, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Kọ̀lá. Àwọn méjèèjì ju òkò ọ̀rọ̀ síra wọn títí. Má gbé irú ìyẹn sí i níbi ayẹyẹ bàbá ẹ, torí ẹ ò mọ ẹni tí àlejò yín ń ṣe.

Kebe_Fan

Mo ń bọ̀ níbi ayẹyẹ náà o 😂

Páálí_Rẹ́kọ́ọ̀dù

Ẹ ti sọ̀rọ̀ gidi, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí ọ̀rọ̀ páálí, torí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ibi tó dáa fún rẹ́kọ́ọ̀dù.

Wo àárín rẹ́kọ́ọ̀dù náà níbi tí bébà wà. Tó bá jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ Africa Songs ló wà níbẹ̀, ti àwọn ọdún 70 nìyẹn, ibẹ̀ ni ohun tí Sístà Gbágùrá fẹ́ràn wà. Tó bá jẹ́ Siky-Oluyole, ilé iṣẹ́ tiẹ̀ fúnra ẹ̀ ni, ti ẹ̀yìn ìgbà yẹn. Má wo iwájú páálí pẹlẹbẹ tó bo rẹ́kọ́ọ̀dù nìkan, torí àwọn àgbà máa ń dá rẹ́kọ́ọ̀dù padà sínú páálí òmíràn. Bébà àárín yẹn náà ló máa ń to àwọn orin inú ojú kọ̀ọ̀kan, torí orin mẹ́rin márùn-ún lè so pọ̀ mọ́ra láìdúró, kí orúkọ iwájú páálí sì jẹ́ ti ẹyọ kan péré nínú wọn.

Tí eruku bá ti pọ̀, omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ bíńtín, aṣọ múlọ́múlọ́, kó o máa nù ún yí po bí ìlà ẹ̀ ṣe lọ. Má jẹ́ kómi kan bébà àárín. Nà án dúró kó gbẹ, má sá a sóòrùn, á ká kò. Abẹ́rẹ́ àtijọ́ á jẹ ẹ́, pààrọ̀ ẹ̀. Àwọn tó ń gbé kọ́bọ̀ lé orí ọwọ́ ẹ̀rọ kó má baà fò, wọ́n ń ba rẹ́kọ́ọ̀dù jẹ́ ni.

Tó o bá fẹ́ mú u lórí YouTube, ṣọ́ra. Wọ́n ń fi orúkọ mìíràn pe rẹ́kọ́ọ̀dù mìíràn. Wọ́n so ojú méjèèjì pọ̀. Òmíràn, eré tí wọ́n fi gbà á sílẹ̀ ti yára jù, ohùn Barrister á dà bí ti ọmọdé. Fi ti páálí wé e kó o tó gbà á. Èyí náà ló fà á tí àwọn kan fi ń sọ pé rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ ju 70 lọ, tí àwọn mìíràn ń sọ pé ó ju 100: ẹnìkan á ka apá kìíní, ìkejì, ìkẹta sí ọ̀kan, ẹlòmíràn á kà wọ́n sí mẹ́ta, kásẹ́ẹ̀tì tún dé láàárín.

Tó bá jẹ́ èmi, "Ìwà" láàárọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kí bàbá. "Nigeria" nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ bàbá bá ti jókòó, torí wọ́n á fẹ́ sọ̀rọ̀ ìlú, wọ́n á fẹ́ rántí ìbò 1983. "Fuji Garbage" apá kìíní nígbà tí oúnjẹ bá ti dà díẹ̀. Má fi í ṣáájú oúnjẹ.

Sístà_Gbágùrá

Álífà, ẹ kú iṣẹ́. Ti wéré yẹn yé mi, mo sì gbà á dé ìdajì. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n jí fún sààrì kò sanwó. Àwa sanwó. Nígbà tí "Fuji Garbage" fi dé, ó ti lé lọ́dún díẹ̀ tó ti ní ilé iṣẹ́ tiẹ̀, kò sí ọ̀gá kankan tó ń lé e lére. Òun ló yàn pé kí gbogbo ẹ̀ jáde. Ẹ má fi òru Ràmàdáánì gbèjà ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀. Èmi ní tèmi, ohùn yẹn ni. Ó ní bó ṣe máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti pariwo tán, bíi pé ìwọ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀ nínú gbogbo agbo. Nínú rẹ́kọ́ọ̀dù tó burú jù lọ pàápàá, ó máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ni mo ṣe ń rà á. Mo ń bínú, mo ń rà á.

ỌmọMuṣin_Gidi

Sístà, ẹ ti sọ ọ́. Àti pé tí tuntun bá jáde lọ́jọ́ Jímọ̀, tó di ọjọ́ Ajé, tí ẹ ò tíì gbọ́ ọ, ẹ ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ẹnìkan á ní ó ti bú lágbájá, ẹnìkan á ní rárá, òwe ni. Wọ́n á jà á títí ọkọ̀ oníbàárà fi máa sùn síbẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù tí kò dùn gan-an ni wọ́n máa ń jà lé jù.

Onífújì_Peckham

Ìyẹn ò yí padà o. Níbí náà, a ṣì ń jà.

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà

Ẹ kú ìnáwó àkókò. Bí mo ṣe tò ó rèé: ọ̀kan nínú àwọn ti Africa Songs fún òwúrọ̀ kùtùkùtù, mo rí méjì nínú páálí, lẹ́yìn náà "Ìwà", "Nigeria", "America Special" nígbà tí wọ́n bá ń jẹun, "Fuji Garbage" apá kìíní, "Fuji New Waves" fún àwa ọmọ lálẹ́. Mo fẹ́ fi ọ̀kan tó kún fún orúkọ sáàárín, torí ti ẹ̀gbọ́n Muṣin, ṣùgbọ́n àwọn àbúrò mi ní kí n gé e kù. Ṣé kí n gé e?

Páálí_Rẹ́kọ́ọ̀dù

Má gé e. Fi í síbi oúnjẹ, kí "America Special" bọ́ síwájú díẹ̀. Ẹni tó ń jẹun kì í béèrè orúkọ ẹni tí wọ́n ń kì.

Sístà_Gbágùrá

Gé e kù.

Baba_Ọjàaba

"Family Planning" ńkọ́? Ọmọ mélòó ni bàbá ẹ bí? Fi kún un.